Bí A Ṣe Ń Bèèrè Ọ̀rọ̀ Lọ́wọ́ Òrìṣà ní Tẹ́ńpìlì Táò, Láti Ìbéèrè títí dé Ìwé Ìdáhùn

Ohun kan náà ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọ tẹ́ńpìlì Táò, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà, ní Taiwan láti bèèrè ọ̀rọ̀. Wọn yóò mú igi méjì tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun lórí tábìlì, wọn yóò ro ohun tí ó wà lọ́kàn wọn, wọn yóò sì jẹ́ kí igi náà bọ́ sílẹ̀. Igi yóò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni pé yóò bọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, tí kì í sì í ṣe rárá. Wọn yóò tún un ṣe, igi yóò sọ pé rárá, yóò sì tún rẹ́rìn-ín, títí tí wọn yóò fi dá a padà sórí tábìlì, tí wọn yóò sì máa lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òrìṣà ilẹ̀ yìí kì í dá àlejò lóhùn. Kì í ṣe ọwọ́ tí ó ju igi ni ó ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe wà nínú ìbéèrè fúnra rẹ̀, àti nínú àwọn ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ kí igi tó kúrò lọ́wọ́ wọn tí wọn kò sọ. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe é tọkàntọkàn, yálà ó ń gbé níbẹ̀ ni tàbí ó bẹ ibẹ̀ wò. Ẹni tí ó kàn fẹ́ wòran lè wòran, kò sí ẹni tí yóò lé e, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi igi náà ṣeré.

Ohun tí ẹ óò nílò

- Orúkọ yín ní kíkún, bí ó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà yín.
- Àdírẹ́sì ilé tí ẹ ń gbé lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe ti ilé bàbá yín ní Nàìjíríà.
- Ọjọ́ ìbí yín ní ìlànà kàlẹ́ńdà òṣùpá àwọn ará Ṣáínà.
- Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ ti kọ sílẹ̀ sórí ìwé.
- Èso mélòó kan, bí tẹ́ńpìlì tí ẹ ń lọ bá ń gba ọrẹ.
- Wákàtí kan ààbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí gba ìṣọ́ra, pàápàá fún àwọn tí wọ́n bí ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì ọdún, nítorí pé ọdún òṣùpá kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní tiwa. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 4, oṣù kejì, ọdún 2000, ọjọ́ ìkẹyìn ọdún Ehoro ni ó bọ́ sí (orúkọ ẹranko ni wọ́n fi ń pe ọdún wọn). Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ 5, ti bọ́ sí ọjọ́ kìíní ọdún Dírágónì. Ọ̀pọ̀ ètò orí fóònù ló ń ṣe ìṣirò yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ kò bá rí i ṣe, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì sọ pé kàlẹ́ńdà àwọn aláwọ̀ funfun ni. Èyí dára ju kí ẹ méfò lọ.

Ní ti èso, iye tí kò ṣeé pín sí méjì ni wọ́n ń lò, oríṣi mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ọsàn àti ápù kò ní wàhálà, ọ̀pẹ òyìnbó sì ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ní èdè àwọn ará Taiwan dún bí ẹni ń sọ pé ire ń bọ̀. Ẹ má ṣe gbé gúáfà tàbí tòmátò lọ: irúgbìn wọn lè gba inú ènìyàn kọjá kí ó sì tún hù, àwọn olùjọsìn sì kà á sí ohun tí kò mọ́ tó láti gbé síwájú òrìṣà.

Ẹ yan tẹ́ńpìlì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí. Ní Taipei, olú-ìlú Taiwan, àwọn tí ọ̀rọ̀ ìlera ń dùn lọ́kàn máa ń lọ sọ́dọ̀ Baosheng Dadi, tí ó jẹ́ oníṣègùn nígbà ayé rẹ̀, ní tẹ́ńpìlì Bao'an ní Dalongdong. Àwọn oníṣòwò ń lọ sọ́dọ̀ Guan Sheng Dijun ní tẹ́ńpìlì Xingtian. Àwọn tí ń wá ọkọ tàbí aya ń wá bàbá arúgbó tí wọ́n ń pè ní Yue Lao lọ sí tẹ́ńpìlì Xiahai. Ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù òṣùpá fún ìgbà àkọ́kọ́ yín, nítorí pé èrò máa ń pọ̀ débi pé ẹ kò ní gbọ́ ohùn ara yín. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú máa ń dúró kí ọjọ́ ọ̀fọ̀ pé kí ó tó wọ tẹ́ńpìlì. Iye ọjọ́ náà yàtọ̀ láti ìdílé dé ìdílé.

Ìpele 1: Ẹ kọ ìbéèrè náà kí ẹ tó kúrò nílé

Igi méjì náà kò ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ lẹ́nu: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, àti ẹ̀rín. Nítorí náà, gbólóhùn tí ẹ óò gbé síwájú òrìṣà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí bẹ́ẹ̀ ni lè parí, tí rárá náà sì lè parí, láìṣẹ́ ku. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà wà. Gbogbo ìyókù kò ju ìwà ọmọlúàbí àti sùúrù lọ.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Taipei, mo lọ bèèrè bóyá kí n padà sílé nínú oṣù Kejìlá tàbí kí n dúró títí ìwé ẹ̀rí mi yóò fi jáde. Mo ju igi lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan. Màmá àgbàlagbà kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú tẹ́ńpìlì náà sún mọ́ mi, ó ní kí n sọ ìbéèrè mi jáde kí òun gbọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Ọ̀nà méjì lo là síwájú bàbá, o sì ní kó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Èwo ni kó sọ ọ́ sí?" Mo mú ọ̀kan nínú méjèèjì, mo bèèrè bóyá ó dára kí n dúró gba ìwé ẹ̀rí náà, mo sì gba ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ìbéèrè mi sílẹ̀, mo sì ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ "tàbí" níbikíbi tí mo bá ti rí i.

Ìbéèrè tí ó ní "tàbí" nínú, méjì ni. Èyí tí ó ní "kí n sì tún" nínú, méjì ni òun náà. Bí ẹ bá bèèrè pé, "Ṣé n óò rí físà gbà, kí n sì rí owó ilé san?", tí físà yóò jáde ṣùgbọ́n tí owó kò ní sí, kò sí bí igi ṣe lè dáhùn tí kò ní parọ́. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ mú èyí tí ó kán yín lójú jù lọ.

Àṣìṣe kejì tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwa Yorùbá gan-an ni ìbéèrè tí a fi "kò" yí po: "Ṣé kò ní burú bí n kò bá lọ?" Bí igi bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, kí ni ó gbà? Ọ̀wọ̀ ni ó ń mú wa sọ̀rọ̀ báyìí, nítorí pé a kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé a ń pàṣẹ fún àgbà, ṣùgbọ́n ní ibí yìí, ọ̀rọ̀ tí ó lọ tààrà ni ọ̀wọ̀. Ẹ sọ pé, "Ṣé ó dára kí n lọ?"

Ìbéèrè tí kò ní àkókò kò ní ìdáhùn. "Ṣé n óò lówó?" gbòòrò ju ẹnu igi lọ. Ẹ fi ìgbà kan, ibì kan àti iṣẹ́ kan sí i: "Iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi lọ̀ mí ní Kaohsiung, ṣé ó dára kí n gbà á kí oṣù kẹsàn-án yìí tó parí?" Ẹ sì má ṣe bèèrè àṣírí ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín ni ohun tí aládùúgbò yín ń rò nípa yín.

Oríṣi ìbéèrè méjì ni àwọn olùjọsìn gbà pé ó ń pa òrìṣà lẹ́rìn-ín jù: èyí tí ẹni tí ń bèèrè ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti èyí tí ó fi ń dán òrìṣà wò. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà, ẹ má lọ bèèrè bóyá kí ẹ fọwọ́ sí i.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò ní fi ṣeré. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àìsàn, ẹ ti ilé ìwòsàn bọ̀ kí ẹ tó lọ sí tẹ́ńpìlì. Àwọn tẹ́ńpìlì kan, tí Bao'an jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní ìwé ìdáhùn (ìwé tí ọ̀pá tí a fà ń tọ́ka sí, ẹ wo Ìpele 6) tí a kọ egbòogi sí láti ayé àtijọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ lo egbòogi kankan láìjẹ́ pé oníṣègùn rí i. Ohun tí a lè bèèrè ni bóyá ó dára kí a ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní oṣù tí dókítà dá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka ìbéèrè náà sí ẹnìkan létí, kí ẹ sọ fún un pé ìdáhùn rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ẹ óò ṣe lọ́la. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ pé rárá ni, kí ẹ tún bi í. Bí ó bá lè sọ ohun tí ẹ óò ṣe nígbà méjèèjì láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìbéèrè yín ti ṣetán.

Ìpele 2: Ẹnu ọ̀nà

Ọ̀nà mẹ́ta ni tẹ́ńpìlì tí ó tóbi máa ń ní níwájú. Ti àárín jẹ́ ti òrìṣà, ẹ má ṣe gba ibẹ̀. A máa ń gba ẹnu ọ̀nà Dírágónì wọlé, a sì máa ń gba ti Ẹkùn jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé "òsì ni Dírágónì wà", wọn yóò sì gba òsì ara wọn wọlé, láìmọ̀ pé òsì òrìṣà tí ó jókòó sínú, tí ó kọjú sí ìta, ni wọ́n ń sọ. Fún ẹ̀yin tí ẹ dúró níta tí ẹ kọjú sí i, ọwọ́ ọ̀tún yín ni.

Igi kan tàbí òkúta kan wà tí wọ́n fi dábùú ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rékọjá rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fìlà kò gbọdọ̀ wà lórí.

*Àyẹ̀wò:* Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ wo ògiri tàbí ọwọ̀n tí ó sún mọ́ yín jù. Dírágónì ni ó yẹ kí ẹ rí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹkùn, ẹ kúkú padà síta jẹ́jẹ́ kí ẹ gba ọ̀nà kejì.

Ìpele 3: Ìkíni, láti ọ̀run wá sí ilé

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wá ìwé ìlànà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, nítorí pé tẹ́ńpìlì kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń ṣe é. Xingtian kò lo tùràrí mọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2014, wọ́n sì kó tábìlì ọrẹ kúrò nígbà kan náà. Ibẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí ẹ pa pọ̀ níwájú àyà ti tó. Ní àwọn ibòmíràn, ẹ óò rí nọ́ńbà lára ìkòkò tùràrí kọ̀ọ̀kan, ẹ óò sì rí i kà bóyá ẹyọ kan tàbí mẹ́ta ni ó lọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbé èso yín sórí tábìlì kí ẹ tó tan tùràrí. Bí tùràrí bá gbiná, ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ iná orí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́ ẹ títí iná yóò fi kú tí èéfín yóò sì kù, nítorí pé a kì í fi èémí ẹnu kan ohun tí a fẹ́ fún òrìṣà. Ẹ gbé e sókè, kí orí rẹ̀ tí ó gbóná ga ju orí àwọn tí ó yí yín ká lọ. Mo ti rí ẹni tí wọ́n jó aṣọ àǹkárá rẹ̀ tuntun báyìí.

Ìkòkò àkọ́kọ́ ni ti Olú-ọba Jade, olórí àwọn òrìṣà ọ̀run, ó sì wà níta níwájú gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ní ìpele yìí ti ń ṣẹlẹ̀: àwọn ènìyàn á dúró síbẹ̀, wọn á sì kọjú sí inú ilé. Ojú sánmọ̀ ni ẹ óò kọjú sí, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn ìkíni náà ni ẹ óò yípadà, tí ẹ óò wọ inú lọ kí òrìṣà tí ó ni ilé, kí ẹ tó kí àwọn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kì í wọ ìlú kí á kọjá ààfin lọ sí ilé ìjòyè. Ọwọ́ òsì ni a fi ń gún tùràrí sínú eérú.

*Àyẹ̀wò:* Tùràrí yín dúró ṣánṣán, kò wọ́ lé ti ẹlòmíràn, ọwọ́ yín sì ti ṣófo fún igi. Bí tùràrí kan bá ṣì kù lọ́wọ́ yín, ìkòkò kan wà tí ẹ fò.

Ìpele 4: Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́

Ìpele yìí kúrú, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dúró níwájú òrìṣà tí ẹ wá bá, kí ẹ sì sọ orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti ibi tí ẹ ń gbé, kí ẹ tó sọ ohun tí ó gbé yín wá. Lójú àwọn olùjọsìn, òrìṣà Táò ń ṣiṣẹ́ bí ìjòyè tí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ níwájú: ẹ̀bẹ̀ tí kò ní orúkọ àti àdírẹ́sì kò rí ibi tí yóò wọlé sí.

Kò sí òfin tí ó sọ pé èdè Mandarin nìkan ni kí ẹ fi sọ ọ́. Yorùbá ni èmi máa ń sọ, ní ohùn jẹ́jẹ́, nítorí pé èdè tí mo fi ń ro ohun tí ó ń dùn mí ni mo fi lè sọ ọ́ láìṣì í sọ. Ẹ sọ ìtàn náà ní kúkúrú, kí ẹ wá ka ìbéèrè tí ẹ kọ sílẹ̀ bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe yí i padà lórí ìdúró.

*Àyẹ̀wò:* Bí ẹnìkan tí ó gbọ́ Yorùbá bá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yín, ó yẹ kí ó lè wá ilé yín rí, kí ó sì mọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ìpele 5: Igi méjì

Jiaobei ni wọ́n ń pe igi méjì yìí ní Mandarin. Àwọn ará Taiwan ń pè é ní pue ní èdè tiwọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú tí ó tẹ́jú àti ẹ̀yìn tí ó yọ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ojú jẹ́ yang, ẹ̀yìn jẹ́ yin, ìyẹn ni agbára méjì tí ẹ̀kọ́ Táò gbà pé wọ́n jọ gbé ayé ró, tí ọ̀kan kò sì pé láìsí èkejì. Nípa báyìí, bí ọ̀kan bá ṣíjú tí èkejì sì dojúdé, àwọn méjèèjì ti bára wọn pé: bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn, sheng-jiao. Bí méjèèjì bá dojúdé tí ẹ̀yìn wọn wà lókè, rárá ni, yin-jiao. Bí méjèèjì bá ṣíjú, ẹ̀rín ni, xiao-jiao.

Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń da obì yóò ti rí ohun tí ó jọ ara wọn níbẹ̀. Bí awẹ́ obì méjì bá ṣíjú tí méjì sì dojúdé, obì ti yàn. Ìdajì òkè, ìdajì ilẹ̀, bíi ti igi yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọra yìí kan náà ni ó ń ṣi àwọn tiwa lọ́nà. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń fi àgbọn ṣe ohun tí a ń fi obì ṣe, bí awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣíjú, Àláfíà ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ rere sì ni. Ẹni tí ó bá gbé ojú yẹn wá sí Taiwan yóò rí igi méjì tí ó ṣíjú, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì máa lọ sílé pẹ̀lú ìdáhùn tí kò gbà. Ẹ̀rín kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ó túmọ̀ sí pé ìbéèrè kò yé, tàbí pé ìgbà rẹ̀ kò tíì tó, tàbí pé ẹ̀yin fúnra yín mọ ìdáhùn.

Ẹ pa ojú igi méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e sókè dé àyà, kí ẹ ka ìbéèrè, kí ẹ sì ṣí ọwọ́ kí igi bọ́ sílẹ̀ níwájú yín. A kì í jù ú sókè, a kì í sì í yí i bí ayò. Bí ó bá yí wọ abẹ́ tábìlì tàbí tí ó dúró lórí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án kí ẹ tó pe ẹni tí ń tọ́jú tẹ́ńpìlì.

Fún ọ̀rọ̀ kékeré, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ kan tó. Fún ọ̀rọ̀ ńlá, bí ìgbéyàwó tàbí kíkó kúrò ní ìlú kan, mẹ́ta léra wọn láìsí ìjákulẹ̀ ni wọ́n ń béèrè fún. Èyí kò rọrùn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí: bí igi kọ̀ọ̀kan bá lè ṣíjú tàbí kí ó dojúdé bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ kan á máa jáde lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 2, ṣùgbọ́n mẹ́ta léra wọn á máa jáde lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìgbà 8. Ọ̀nà yìí náà ni ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì fi ń yan ẹni tí yóò ṣe olórí ìkòkò tùràrí, ìyẹn ẹni tí yóò máa bójú tó ayẹyẹ òrìṣà, fún ọdún kan. Ẹni tí bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn jù ni wọ́n ń mú.

Bí ẹ bá gba ẹ̀rín, ẹ tún ìbéèrè ṣe, kì í ṣe igi. Bí ẹ bá gba rárá, ẹ gbà á. Àbá tèmi ni pé bí ẹ bá ti tún ìbéèrè ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ̀rín kò dúró, ẹ dúpẹ́, kí ẹ padà wá ní ọjọ́ mìíràn. Jíju igi títí yóò fi sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ kò yàtọ̀ sí kí ẹ má bèèrè rárá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè sọ ìdáhùn tí ẹ gbà ní gbólóhùn kan, láìfi "ó dà bí ẹni pé" kún un.

Ìpele 6: Ọ̀pá ọparun

Bí ẹ bá fẹ́ ìmọ̀ràn tí ó gùn ju bẹ́ẹ̀ ni lọ, ọ̀pá ni kí ẹ lọ fà. Agolo gíga kan wà tí ọ̀pá ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó bá ti ìwé ìdáhùn kan mu. Àwọn tẹ́ńpìlì kan ń lo ọ̀pá 60, àwọn mìíràn, tí Xingtian wà lára wọn, ń lo 100. Níbí, a kò nílò ìbéèrè tí bẹ́ẹ̀ ni lè dáhùn, ẹ lè sọ pé, "Ẹ fún mi ní ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ Kaohsiung yìí."

Ẹ fi igi bèèrè lákọ̀ọ́kọ́ bóyá òrìṣà fẹ́ fún yín ní ọ̀pá lónìí. Bí ó bá gbà, ẹ gbé gbogbo ọ̀pá náà sókè díẹ̀ nínú agolo, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n padà bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú èyí tí ó yọ orí ju àwọn yòókù lọ. Ẹ kò tíì ní ìdáhùn o. Ẹ ka nọ́ńbà náà sí òrìṣà létí, kí ẹ fi igi bèèrè bóyá òun ni ó fún yín. Tẹ́ńpìlì mìíràn ń gba bẹ́ẹ̀ ni kan, mìíràn ń béèrè mẹ́ta léra wọn. Bí kò bá pé, ọ̀pá padà sínú agolo, ẹ óò sì fa òmíràn. Àìṣe ìjẹ́rìí yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ àlejò máa ka ìwé tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó bá ti lọ sí tẹ́ńpìlì Wong Tai Sin ní Hong Kong lè rò pé ọ̀kan náà ni, nítorí pé níbẹ̀, ẹ óò kúnlẹ̀ mi agolo ọ̀pá 100 títí ọ̀kan yóò fi já bọ́ síta. Ní Taiwan, igi ni ó ń jẹ́rìí ọ̀pá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara ọ̀pá kí ẹ tó dá a padà. Nígbà tí ẹ bá dé ibi àpótí tí ìwé ìdáhùn wà, nọ́ńbà orí ìwé tí ẹ mú gbọ́dọ̀ bá ti fọ́tò mu, àmì kan sí àmì kan.

Ìpele 7: Kíka ìwé náà

Ewì ìlà mẹ́rin ni ẹ óò rí, ọ̀rọ̀ méje ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ó sábà máa ń tọ́ka sí ìtàn àtijọ́ kan. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n lè to ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, òwò, ìrìn àjò, àìsàn àti ohun tí ó sọnù. Àwọn ìwé kan ní ipò lókè, láti èyí tí ó dára jù títí dé èyí tí kò dára, ibẹ̀ sì ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Ìwé tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ lè jẹ́ ìmọ̀ràn pé kí ẹ dúró di ìgbà òjò, kí ó má sì jẹ́ pé ilé ń bọ̀ wá wó lù yín.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ inú fóònù kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀, yóò sì fi ìtàn tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé sílẹ̀. Ó dà bí kí a fún àjèjì ní òwe láìsọ ìtàn ìdí rẹ̀. Ẹ wá tábìlì tí wọ́n ti ń túmọ̀ ìwé. Ní ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kí àgbà tí ó wà níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un ní ìwé, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ bèèrè, nítorí pé ewì kan náà kì í sọ ohun kan náà fún ẹni tí ń wá iṣẹ́ àti ẹni tí ń wá ọmọ. Bí ẹnìkan bá pè yín sí kọ̀rọ̀ níta láti túmọ̀ rẹ̀ fún owó, ẹ má ṣe lọ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tún ìtumọ̀ náà sọ padà fún àgbà náà ní ọ̀rọ̀ ara yín. Bí ó bá mi orí sí i, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ òní àti ìbéèrè yín. A kì í fa ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò dùn mọ́ni.

Ìpele 8: Ẹ̀jẹ́ àti ìdágbére

Nígbà tí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ́: bí èyí bá ṣeé ṣe, n óò ṣe báyìí. Kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ ẹ, mo sì fẹ́ kí ẹ lọ́ra. Ẹ̀jẹ́ tí a bá jẹ́ níbí, a gbọ́dọ̀ padà wá san án, huanyuan ni wọ́n ń pè é, kódà bí a bá ti kúrò ní ìlú náà. Ẹni tí físà rẹ̀ kù oṣù méjì kí ó má ṣe ṣèlérí pé òun yóò máa wá lọ́dọọdún. Ẹ ṣèlérí ohun tí ọwọ́ yín lè tó: èso, tùràrí, ọjọ́ kan tí ẹ óò fi gbá àgbàlá tẹ́ńpìlì. Kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìdáhùn kan náà, kí ẹ má baà gbàgbé nígbà tí ire bá dé.

Bí ẹ bá gbé èso wá, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí tábìlì kí ó bàjẹ́, kí ẹ má sì ṣe kó o kí àkókò tó tó. Ẹ dúró kí tùràrí jó kọjá ìdajì, kí ẹ mú igi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ bèèrè bóyá òrìṣà ti jẹun tán. Bí ọ̀kan bá ṣíjú tí èkejì sì dojúdé, ẹ tẹríba, ẹ kó èso yín, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà Ẹkùn jáde, kí ẹ sì pín in jẹ pẹ̀lú àwọn ará ilé yín ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí kò bá tíì gbà, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó wà ní àgbàlá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó tún bèèrè.